Èjìká Ni Kí Ẹ Máa Wò

Lẹ́tà yín lórí họ́kì orí yìnyín pọ̀ lóṣù yìí. Mẹ́ta ni mo mú nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù, torí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ti ń jẹ mí lọ́kàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Oníkámẹ́rà. Montreal ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ọdún kọkànlá rèé. Ọmọ mi ló fà mí wọ họ́kì, mi ò sì lè jáde mọ́. Ikọ̀ wa, Canadiens, ti kó ọmọdé jọ sí ọwọ́ ẹ̀yìn: Lane Hutson, Kaiden Guhle, Arber Xhekaj, Jayden Struble, David Reinbacher. Ojoojúmọ́ là ń jiyàn lé wọn lórí níbi iṣẹ́. Ẹnìkan ní torí Reinbacher ni wọ́n ṣe fi Matvei Michkov sílẹ̀ ní 2023, lọ́jọ́ tí àwọn ikọ̀ ń mú ọmọ tuntun, pé Reinbacher ò lè tó ipò karùn-ún tí wọ́n fi mú un láéláé. Ẹlòmíràn ní Hutson kéré jù, pé lọ́jọ́ kan wọ́n á gbá a mọ́ pátákó tó yí yìnyín ká tí kò ní dìde. Mà, kí lẹ máa ń wò lára ọmọ ọwọ́ ẹ̀yìn tí ẹ fi ń mọ̀ pé èyí á tọ́jọ́, èyí ò ní tọ́jọ́? — Bàbá Ìbejì, Montreal

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú òtútù, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ dárúkọ, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀ fún àwọn tó ń kà wá láti ilé tí wọn ò wo họ́kì rí. Ènìyàn 6 ni ikọ̀ kan máa ń ní lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà: aṣọ́lé kan, ọwọ́ ẹ̀yìn 2, ọwọ́ iwájú 3. Pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó le bí òkúta, ni wọ́n ń fi igi darí kiri. Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n fi ń gbá a. Ọwọ́ ẹ̀yìn 6 ló sábà máa ń wọṣọ fún ìdíje kan. Méjì-méjì ni wọ́n ń jáde, wọ́n á lò tó ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á padà wá jókòó mí. Bí ọwọ́ iwájú bá ṣe àṣìṣe, àwọn méjì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè tún un ṣe. Bí ọwọ́ ẹ̀yìn bá ṣe é, aṣọ́lé nìkan ló kù, gbogbo èrò inú pápá ló sì rí ẹni tó fa iná náà. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi máa ń pẹ́ kó tó jinná lára ọmọ.

Ọdún 9 ni mo fi ya fídíò fún ikọ̀ tí ọmọ mi ń gbá fún ní Calgary. Ibẹ̀ ni mo ti gba orúkọ tí ẹ fi ń pè mí. Lákọ̀ọ́kọ́, bíi ti gbogbo ìyá, ibi tí pọ́ọ̀kì bá lọ ni kámẹ́rà mi ń lọ. Lọ́jọ́ kan kóòṣì wo ohun tí mo yà, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fà á sẹ́yìn, pé àwọn méjì tó wà lẹ́yìn ni òun fẹ́ rí, kí pọ́ọ̀kì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí pọ́ọ̀kì tó dé ọ̀dọ̀ wọn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ léraléra nínú ìdíje kan ṣoṣo. Ikọ̀ kejì á ta pọ́ọ̀kì jìnnà sí igun tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ wa, wọ́n á sì sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ ọwọ́ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yí padà, kó kọ̀yìn sí gbogbo pápá, kó sáré lọ mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, nígbà tí ẹni tó wúwo jù ú lọ ń já bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó fi ń lọ yẹn, kí ló ń ṣe? Ẹ wo èjìká rẹ̀. Ọmọ tó máa tọ́jọ́ á bojú wẹ̀yìn lórí èjìká òsì, á tún bojú wẹ̀yìn lórí èjìká ọ̀tún, kó tó fi igi kan pọ́ọ̀kì. Kó tó débẹ̀, ó ti mọ ibi tí ẹni tó ń lé e wà, ó ti mọ ibi tí ará ilé rẹ̀ dúró sí. Ọmọ tí kò bojú wẹ̀yìn á dé ibẹ̀ tán kó tó máa ronú, ìgbà yẹn ni wọ́n sì máa ń dé bá a.

Mo ra jọ́tà kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bojú wẹ̀yìn. Ọmọ méjì kan wà nínú ikọ̀ náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 12. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn ni mo máa fi pè wọ́n. Nọ́ńbà 27 ga, irun ti ń hù lẹ́nu rẹ̀. Bó bá gbá pọ́ọ̀kì, gíláàsì á mì, àwọn òbí á pariwo. Nọ́ńbà 4 kéré débi pé aṣọ ikọ̀ bò ó dé orúnkún. Nínú jọ́tà mi, 27 fẹ́rẹ̀ẹ́ má bojú wẹ̀yìn rí. Á sáré débi pọ́ọ̀kì, á fi agbára gbá a sókè mọ́ gíláàsì, á bọ́ sọ́wọ́ ikọ̀ kejì, wọ́n á tún dé.

Ní ti 4, mo rántí òwúrọ̀ Sátidé kan, aago méje ò tíì lù. Pọ́ọ̀kì lọ sí igun, ọmọ méjì ń lé e bọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn lósì, ó bojú wẹ̀yìn lọ́tùn-ún. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀yìn àwọ̀n kọjá, ó kàn fi ẹsẹ̀ kan dúró gbagidi. Àwọn méjèèjì ré kọjá bí ọkọ̀ tí búrẹ́kì rẹ̀ já. Ó wá rọra fi pọ́ọ̀kì lé igi ọmọ wa kan tó dá dúró láàárín. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kóòṣì nìkan ló fi igi ọwọ́ rẹ̀ kan pátákó lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó.

Nígbà tí wọ́n pé 16, àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ga bá 27, ohun tó fi ń borí wọn sì ti tán. Ohun tí 4 ní ò lè tán, torí kì í ṣe ti eegun àti ẹran. Ṣùgbọ́n kí ara rẹ̀ tó yọ, ikọ̀ ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ ti yọ ọ́ kúrò lọ́mọ ọdún 14, wọ́n ní ó kéré. Inú ọkọ̀ mi ni ìyá rẹ̀ jókòó sí tó fi sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí, inú ṣì ń bí mi. Ọmọ náà ò fi igi sílẹ̀. Ó ń gbá họ́kì fún yunifásítì báyìí.

Bàbá Ìbejì, kì í ṣe àwọn òbí nìkan ni ara ńlá ń tàn jẹ o. Ẹ wo draft NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ikọ̀ máa ń tò, tí wọ́n á máa mú ọmọ ọdún 18 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2012, nínú ọmọ 10 tí wọ́n kọ́kọ́ mú, 8 ló jẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn. Morgan Rielly ní ipò karùn-ún, Hampus Lindholm ní ipò kẹfà, Jacob Trouba ní ipò kẹsàn-án: àwọn yẹn dúró, wọ́n ṣe bẹbẹ. Griffin Reinhart, ẹni tí Islanders mú ní ipò kẹrin, ìdíje 37 péré ló gbá nínú NHL. Lọ́dún kan náà, Colton Parayko bọ́ sí ipò 86. Ó bá St. Louis gba ife Stanley, ife tí ikọ̀ tó borí gbogbo NHL ń gbà, ní 2019. Jaccob Slavin ńkọ́? Ọmọ 119 ni wọ́n ti mú kí Carolina tó pe orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ọmọ ọdún yẹn kó wá ṣọ́ ilé mi nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, Slavin ni mo máa mú, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gba ife Lady Byng, tí wọ́n ń fún ẹni tó ń gbá eré mímọ́ tí kì í ṣe jàgídíjàgan, ní 2021 àti 2024. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọwọ́ ẹ̀yìn gba ife yẹn, torí iṣẹ́ wọn ní ìfara-gbára nínú. Slavin kì í lu ènìyàn. Igi rẹ̀ ló fi ń yọ pọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Ẹ tún lọ sẹ́yìn díẹ̀. Ife Norris ni wọ́n ń fún ọwọ́ ẹ̀yìn tó dára jù lọ́dọọdún. Nicklas Lidström, ọmọ Sweden, gbà á lẹ́ẹ̀meje. Ipò 53 ni Detroit ti mú un ní 1989. Duncan Keith gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ipò 54 ní 2002. Zdeno Chara, ipò 56 ní 1996. Adam Fox, ipò 66 ní 2016. Mark Giordano tó wà ní ikọ̀ wa níbí nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò mú un rárá, àní rárá, ọmọ ọdún 35 sì ni nígbà tó gba Norris ní 2019. Ojú mi ló ṣe gbogbo rẹ̀ ní Calgary.

Mi ò wí pé àwọn tó ń mú ọmọ fọ́jú. Cale Makar, ọmọ Calgary tiwa náà, ipò kẹrin ni Colorado mú un ní 2017, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n rí. Brooks ló ti ń gbá nígbà náà, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn wa, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé líìgì ibẹ̀ rọ̀ jù, pé ta ni ò lè tàn níbẹ̀. Ohun tó wú mi lórí ni ohun tó tẹ̀ lé e: wọn ò kán an lójú. Ó lọ sí yunifásítì ní Massachusetts, ó lo ọdún méjì. Ìgbà tó wá wọ NHL ní April 2019, ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ gan-an, nínú ìfagagbága fún ife Stanley pẹ̀lú Calgary, ló ti jẹ góòlù sí wa láwọ̀n. Mo bínú, mo sì dìde pàtẹ́wọ́ nínú pálọ̀ mi. Ní 2022 ó gba Norris, ó gba ife Stanley.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọmọ ọdún 19 lè fi ẹ̀yìn sáré ju ẹni 30 lọ, ó lè gbá pọ́ọ̀kì le jù ú lọ. Àkísà ni kò ní: ìdíje tó ti pàdánù, ẹ̀tàn tó ti bọ́ sí, ibi tó ti sáré lọ tí kò yẹ kó lọ. Victor Hedman, ipò kejì ní 2009, ọdún 2018 ló tó gba Norris. Ẹ wá wo Luke Schenn. Toronto mú un ní ipò karùn-ún ní 2008, wọ́n sì sọ ọ́ sáàárín àwọn àgbà lọ́mọ ọdún 18. Lọ́dún mẹ́rin, wọ́n ti fi ṣe pààrọ̀. Gbogbo ènìyàn ní ó ti parí. Ní 2020 àti 2021, ó bá Tampa gba ife Stanley lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí nìyí pé kí wọ́n má dájọ́ fún ọwọ́ ẹ̀yìn kó tó pé ọmọ ọdún 24.

Ẹ wá bá mi ká lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín.

Hutson. Ọmọ 61 ni wọ́n mú ṣáájú rẹ̀ ní 2022 nítorí ínǹṣì. Ní sáà 2024-25 ó gbá gbogbo ìdíje 82, ó jẹ góòlù 6, ó sì pèsè 60 fún àwọn ẹlòmíràn láti jẹ. Kò sí ọmọ tuntun ọwọ́ ẹ̀yìn kan tó pèsè ju 60 lọ rí. Larry Murphy nìkan ló ti dé ibẹ̀, ìyẹn ní 1980-81. Wọ́n fún un ní ife Calder, ti ọmọ tuntun tó dára jù. Ẹni tó ní wọ́n á gbá a mọ́ pátákó, ẹ sọ fún un kó wo èjìká ọmọ náà. Ó máa ń bojú wẹ̀yìn kó tó gba pọ́ọ̀kì, ó tún máa ń bojú wẹ̀yìn lẹ́yìn tó gbà á. Ìbàdí rẹ̀ á wí pé òsì ni òun ń lọ, ẹni tó ń bọ̀ á gba òsì, òun á sì wà lọ́tùn-ún. Ẹni tí wọn ò bá níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa gbá mọ́ pátákó. Iwájú àwọ̀n, níbi tí àwọn òmìrán ti máa ń rọ́ jọ, ló ti nílò ẹnìkejì tó le lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù, iṣẹ́ kóòṣì ni láti wá a fún un.

Guhle ni ààyò mi. Ipò 16 ní 2020. Bí ọwọ́ iwájú kan bá ń já bọ̀, ẹ wo àlàfo tó máa ń fi sílẹ̀ láàárín wọn: bí gígùn igi kan, kò jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ á máa fà sẹ́yìn, á máa fà sẹ́yìn, títí á fi fẹ̀yìn ti aṣọ́lé rẹ̀. Guhle kì í fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ìpalára ni mò ń bẹ̀rù fún un. Iṣan itan rẹ̀ gé ní January 2025, wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Xhekaj, kò sí ikọ̀ tó mú un ní draft. Ó ṣiṣẹ́ ní Costco nígbà àrùn Kòrónà. Mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ gidi, ọkàn rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ohun kan náà: kó tó fi ara gbá ènìyàn, ṣé ó ti wo ẹni tó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn? Ìgbà tó bá dáhùn ìyẹn ló máa kúrò ní ipò ọwọ́ ẹ̀yìn kẹfà. Struble náà wà lọ́nà yẹn, mi ò tíì rí ohun tó yà á sọ́tọ̀.

Reinbacher wá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ láìṣẹ̀. Ọmọ Austria ni. Lọ́mọ ọdún 18 ó ti ń bá àgbà ọkùnrin gbá ní Kloten, ní Switzerland. Wọ́n mú un ní ipò karùn-ún ní 2023. Ní September 2024, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, oṣù púpọ̀ sì lọ nínú ọdún tó yẹ kó fi kọ́ṣẹ́. Ẹ wá ń fi wé Michkov, ọwọ́ iwájú, tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tètè hàn síta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti obì ni wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n wá ń bi obì léèrè èso rẹ̀ lọ́dún kejì. Ẹ bá mi sọ fún ẹni yín níbi iṣẹ́ pé kó fún ọmọ náà láyè.

Ohun méjì tó kù, ẹ má jẹ́ kí iye pọ́íǹtì (góòlù tó jẹ àti èyí tó pèsè) tó wà nínú ìwé ìròyìn tàn yín. Ọmọ tí wọ́n ń gbé jáde nígbà tí ikọ̀ kejì dín lẹ́nìkan, torí wọ́n fi ìyà jẹ ẹni náà, á ní pọ́íǹtì púpọ̀. Ẹ wo ẹni tí kóòṣì rán jáde nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, tí ikọ̀ fi góòlù kan ṣáájú. Ẹ sì wo ìgbà tí ọmọ bá padà jáde lẹ́yìn tí àṣìṣe rẹ̀ ti fa góòlù. Bó bá tún béèrè fún pọ́ọ̀kì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ń sá fún un, ẹ ṣì fún un láyè, ẹ kàn máa ṣọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú déédéé ìwòyí, mà. Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 13 ní November. Láti kékeré ló ti ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí gbogbo nǹkan dàrú. Wọ́n ń gbá a ṣubú, kóòṣì ní ká gbé e lọ sí iwájú, bàbá rẹ̀ ní kó kúkú fi sílẹ̀, kó dojú kọ ìwé. Ṣé kò lè ṣe é ni? — Ìyá Àbíkẹ́yìn, Brampton

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí tí ẹ kọ, ìdáhùn wà níbẹ̀. Ní Kánádà, ọdún tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n fi ń pín wọn sí ẹgbẹ́. Ọmọ oṣù January àti ọmọ yín tó jẹ́ ti November wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, oṣù mẹ́wàá sì wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ orí yìí, oṣù mẹ́wàá lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọmọdé àti ọ̀dọ́mọkùnrin. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ níbí ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn ikọ̀ ńlá. Kì í ṣe pé wọ́n mọ eré jù. Wọ́n kọ́kọ́ dàgbà ni.

Èkejì, láti 2013 ni Hockey Canada ti fòfin dè é pé kí àwọn ọmọ ọdún 11 àti 12 má ṣe máa fi ara gbá ara wọn. Ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ààbò yẹn. Kì í ṣe pé ó gbàgbé eré, eré mìíràn ni wọ́n gbé fún un.

Ohun tí mo máa fẹ́ kí ẹ bá kóòṣì sọ nìyí: kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ibi tó léwu jù ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí pátákó. Ẹni tó fara ti pátákó, pátákó á gbé e dúró. Ẹni tó jìnnà sí i á rí àyè ṣubú sí. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì ni orí rẹ̀ máa ń lọ kan pátákó. Kó má ṣe sáré gbọnrangandan lọ sí igun, kó gba ẹ̀gbẹ́ wọ ibẹ̀. Orí gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà gbogbo, kó má tẹ̀ ẹ́ síwájú. Bí wọ́n bá sì gbá a tí orí ń fọ́ ọ, tàbí tó ń bì, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣú, ẹ mú un kúrò lórí yìnyín lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ rí dókítà, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ. Ẹ̀mí ọmọ ju ìdíje lọ.

Kí wọ́n gbé e síwájú fún ìgbà díẹ̀, mi ò rí ibi níbẹ̀. Brent Burns, ọwọ́ iwájú ni nígbà tí Minnesota mú un ní 2003; ẹ̀yìn ló ti wá gba Norris ní 2017. Á kàn kọ́ bí àwọn tó máa dojú kọ lọ́la ṣe ń ronú ni.

Ẹ bá mi kí bàbá rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, bàbá ọmọ tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Adam Fox tí mo dárúkọ lókè yẹn, Harvard ló ti gbá họ́kì fún sáà mẹ́ta kó tó dé NHL. Ìwé àti igi ò bá ara wọn jà, bí ilé bá ṣètò wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mo ti ń kà yín, èmi kò tẹ yìnyín rí. Ṣé ọmọ Nàìjíríà kankan ti gbá ọwọ́ ẹ̀yìn yìí dé ibi gíga? — K., Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nínú àwọn tiwa, ọwọ́ iwájú ni: Jarome Iginla, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Góòlù 625 nínú NHL, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún Calgary. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu òyìnbó lórí tẹlifíṣọ̀n, mo dìde lórí àga. Igi ńlá ni wọ́n ń pè yẹn o! Ọkọ mi ní kí n jókòó. Mi ò jókòó.

Ti ọwọ́ ẹ̀yìn, Rumun Ndur ni. Wọ́n bí i ní Zaria ní 1975, Kánádà ló ti dàgbà, Buffalo mú un ní 1994. Ó gbá fún Buffalo, fún Rangers ní New York, fún Atlanta, lẹ́yìn náà ló lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ara rẹ̀ tóbi, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹ̀ṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ikọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí pé ìyẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nípa rẹ̀.

Ẹlòmíràn wà tí mi ò lè fò. Akim Aliu, Òkèné ni wọ́n ti bí i ní 1989. Bàbá rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ ọmọ Ukraine. Ó ti gbá ẹ̀yìn, ó ti gbá iwájú. Ipò 56 ni Chicago mú un ní 2007, nọ́ńbà kan náà tí wọ́n fi mú Chara. Chara bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fún un láyè. Aliu bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń fi àwọ̀ rẹ̀ bú u nínú yàrá ìwọṣọ; ọdún 2019 ló tó sọ ọ́ síta, tí gbogbo ayé họ́kì fi mì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Hockey Diversity Alliance sílẹ̀ kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mìíràn.

Mo wò ó nígbà tí Calgary gbé e jáde ní April 2012. Nínú ìdíje kejì rẹ̀, ó jẹ góòlù méjì. Ìdíje 7 ló gbá fún wa lápapọ̀.